Èmi, Bàbá Àyálò

Kíkẹ́, jókòó. Má tíì sọ̀rọ̀ aṣọ tí n ó wọ̀. O ní èmi Sylvester, àbúrò bàbá rẹ, ni kí n mú ọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ ní Sátidé, pé bàbá rẹ kò ṣe bàbá fún ọ. Irọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì pa á fún ọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi Àkàngbé ló tọ́ mi. Iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ní Mushin ló fi rán mi níwèé tí mo fi di akọ̀wé ìjọba ní Yaba. Gọ̀ǹbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lójú tirẹ̀. Èmi àbígbẹ̀yìn, wọn ò kọlà fún mi. Lọ́dún 1970, nígbà tí o fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ní Surulere, tí wọ́n ní kí bàbá àti ọmọ jọ wá fún intafíù, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní, "Sylvester, ojú rẹ dán, o sì gbọ́ òyìnbó. Bá mi ṣe bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan péré." Ìwọ rò pé eré ni.

Eré náà dùn mọ́ mi jù. Ọjọ́ kan di gbogbo ìpàdé òbí: dókítà ń bọ̀ mí lọ́wọ́, lọ́yà ń bi mí léèrè ilé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má dé ibẹ̀ rárá, pé bí àṣírí bá tú, wọ́n á lé ọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín lẹ́bùn, ìwọ wà nínú gbọ̀ngàn. Èmi àti Màdáàmù Gertrude, ọ̀gá ilé ìwé yín, dúró ní géètì. Bàbá rẹ yọ, ó wọ sányán tó fi gbéyàwó. Ó ní òun ò ní wọlé, òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ lójú fèrèsé ni. Màdáàmù ní, "Mísítà Oyèníran, ta ni bàbá yìí?" Ká ní mo sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kí ni ì bá bàjẹ́? Ṣé bàbá ọmọ kì í ní ẹ̀gbọ́n ni? Ṣùgbọ́n mo wo ilà ojú rẹ̀, mo wo àwọn mọ́tò tó tò sílẹ̀, mo ní, "Káfíńtà wa ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó mọ̀ pé bí òun bá jiyàn, orí rẹ ni yóò dà lé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Ẹni tó ń gbé mi lọ sílé ìwé léjìká nígbà òjò. Mi ò gbé e dìde. Mo ní, "Máa lọ. Padà wá lọ́la."

Ní táàmù kejì ó mú ọ lọ sí ilé ìwé ìjọba ní Mushin, níbi tó ti lè wọlé taṣọ-iṣẹ́-taṣọ-iṣẹ́, kí tíṣà ní, "Bàbá Kíkẹ́, ẹ jókòó." O sunkún wá bá mi, o bi mí ìdí rẹ̀. Mo ní ahun ni, pé kò fẹ́ kí o ga ju òun lọ. Láti ìgbà náà lo ti kó wá sílé mi. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó sọ mí di ènìyàn.

Lánàá mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún ọ látọjọ́ yìí. Ó ń fá pákó lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Kí n wá sọ fún ọmọ mi pé mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi? Ó sàn kó máa pè mí ní ahun."

Kíkẹ́, dìde, lọ bá a. Òun ni kó mú ọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti ilà ojú rẹ̀. Èmi á jókòó sẹ́yìn pátápátá, bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà kí n wá.