Ohun Tí Mo Fi Sábẹ́ Fáànù Kọ̀ǹpútà Mwadime

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ẹ máa rà lẹ wá bi mí, bí ẹ ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ wa bá pé ní àdúgbò Ngara yìí. Lónìí n kò ní dá yín lóhùn lórí ìyẹn. Dókítà ti sọ fún èmi àti ìyàwó mi pé ọkàn tó wà láyà mi ti rẹ̀, pé tí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ ṣe, kí n má fi falẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n sọ òótọ́ lọ. Èmi Kinoti tí ẹ ń pè ní Mwalimu, olùkọ́ yín, tí ẹ ń rán àwọn àbúrò yín sí pé ọwọ́ mi mọ́, olè ni mí. Olè nìkan kọ́. Bí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé kí n lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí Mwadime, ọmọ ilẹ̀ Taita tó máa ń ya àwòrán tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀. Ibì kan náà la ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí n kò rí oúnjẹ jẹ nídìí ẹ̀, mo gba ìsọ̀ kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òpópónà Luthuli, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà fún ènìyàn. Òun kò fi àwòrán sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Umoja, Mkawasi lorúkọ rẹ̀, opó ni, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán fún àwọn ọmọ àdúgbò. Òun ló tọ́ Mwadime dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Tí mo bá dé ilé wọn, kí n tó jókòó ni á ti gbé kimanga, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà tí wọ́n gún pọ̀, àti tíì gbígbóná síwájú mi, á ní, "Kinoti, ṣé àwọn ará Meru kì í fún ọ lóúnjẹ ni? Wo ọrùn rẹ bí ọrùn àgùnfọn." Mo jẹ oúnjẹ obìnrin yẹn títí tí n kò fi lè kà á. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá gbọ́ èyí tó kù.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbé iṣẹ́ fún Mwadime pé kó ya ìtàn àwọn ọmọdé, pé tó bá parí ẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn ayàwòrán wọn. Èmi náà ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ yẹn. Wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. N kò sọ fún un. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wá bá mi pé kí n bá òun to tuntun, kí ó jẹ́ alágbára. Ọ̀rọ̀ pírósẹ́sọ̀ gbà wá ní ọ̀sán púpọ̀. Á ní, "Wọ́n ní èyí yá ju ìyẹn lọ." Mo ní, "Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́jọ péré ló ní. Ẹni tó fẹ́ máa gbá géèmù ló bá mu. Ìwọ, àwòrán rẹpẹtẹ lo fẹ́ kó máa kùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ilé ńlá lo fẹ́ kùn, ṣé ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sáré lo máa pè ni, àbí èèyàn mẹ́rìndínlógún tí kò sáré tó o?" Mkawasi gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ta ló máa se oúnjẹ fún èèyàn mẹ́rìndínlógún?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná mànàmáná ni wọ́n ń jẹ." Ó ní, "Á jẹ́ pé èmi náà ni mo máa bọ́ wọn." A rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́ mẹ́rìndínlógún la mú. Ìmọ̀ràn tí mo fún un dáa, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ká ní mo gbà á nímọ̀ràn burúkú ni, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá fúyẹ́. Mkawasi ta èyí tó dáa jù nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì kí pírósẹ́sọ̀ náà tó ṣeé rà.

Nígbà tí pírósẹ́sọ̀ náà dé ìsọ̀ mi, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Nínú àpótí mi, ìkejì rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ kan náà, àmì kan náà lójú. Oníbàárà kan ló dá a padà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ wẹ́wẹ́, á ṣe é bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á dákú. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ wo bí tuntun yẹn á ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà tèmi ni. Irọ́ ni. Ìlara ni, n kò ní pè é lórúkọ mìíràn. Mo fi tuntun sínú kọ̀ǹpútà tèmi, mo fi aláìsàn yẹn sínú kọ̀ǹpútà Mwadime, mo fi ọ̀rá ìtutù bo ojú rẹ̀, mo de fáànù mọ́ ọn lórí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí fáànù bá ti gun orí pírósẹ́sọ̀, kò sẹ́ni tó ń rí ojú rẹ̀ mọ́. Mwadime wá gbé e, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti ṣe mí lóore."

Kò pẹ́ tó fi pè mí. Ó ní kọ̀ǹpútà ń kú láàárín iṣẹ́, gbogbo ohun tí òun kùn sì ń pa rẹ́. Mo lọ. Mo pààrọ̀ mẹ́mọ́rì tí kò ní àrùn kankan. Ó tún pè mí, mo lọ pààrọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé. Mo ń tú u, mo ń dè é, òógùn ń bọ́ lára mi, òun sì ń dúpẹ́. Òjò ti ń ṣú bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, ó jókòó sórí ilẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé, ó ní, "Kinoti, ṣé kì í ṣe pírósẹ́sọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣàìsàn?" Ká ní mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo ní, "Rárá o. Mo dán an wò dáadáa kí n tó gbé e fún ọ. Ta ló máa ń wọ yàrá yìí tí o bá jáde?" Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, láti gbálẹ̀. Mo fọwọ́ kan wáyà kan báyìí, mo ní, "Wáyà yìí ò sí níbi tí mo fi í sí. Ẹnì kan ń fà á."

Mkawasi ti máa ń fi ṣeré pé tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yìí bá bọ́, kí àwọn kúkú padà sí Wundanyi, pé ilẹ̀ bàbá àwọn ti di igbó. Eré lásán ni. Ṣùgbọ́n Mwadime rántí rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi kọ̀ǹpútà mi ṣe?" Obìnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní, "Mo kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ ní aṣọ rírán." Mwadime kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé kò fẹ́ kí òun ṣoríire, pé ó fẹ́ fa òun padà sóko. Mkawasi dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, ó ní, "Kinoti, ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Sọ fún un pé n kò fọwọ́ kàn án."

Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi sá fún láti sọ rèé. Mo wo obìnrin tó ń bọ́ mi lójú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán."

Kò bú mi. Ó gbé ìgbálẹ̀ sí igun yàrá, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò matátù lọ sí ìlú Voi, ó sì ti ibẹ̀ gòkè lọ sí Wundanyi. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mwadime. Kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sì pè é. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ara Mkawasi kò yá, ó ti kú kí Mwadime tó débẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní kí n gbà á, òun ò fẹ́ rí i mọ́, ó sì kó lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Báyìí ni pírósẹ́sọ̀ méjèèjì ṣe di tèmi.

Láti ìgbà náà, tí iṣẹ́ bá ti wọ kọ̀ǹpútà mi lọ́rùn, tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìró ìgbálẹ̀ ni mò ń gbọ́. Lọ́sàn-án gangan ni o, tí èrò kún ìsọ̀. Mo ti pààrọ̀ fáànù náà títí ó fi sú mi. Wọ́n gbéṣẹ́ fún mi nígbà kan pé kí n ya ìyá kan tó ń gbé tíì fún ọmọ rẹ̀. Mo yà á tán, ojú Mkawasi ló jáde. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, òun náà ló tún ń wò mí, bí ẹni tó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí dókítà sọ tirẹ̀, mo lọ sí Wundanyi. Mo bá Mwadime níbi tó ti ń tú ilẹ̀ ìdí kábéèjì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Kò gbé ọkọ́ sókè sí mi. Ó mú mi lọ sí ìdí sàréè, ó ní, "Sọ ọ́ fún un." Mo tún un sọ, òun náà sì dúró ń gbọ́. Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó ní, "Ti iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo lé e jáde, èmi ni. Èmi náà ń wá ibi tí mo ti máa rí ìdáríjì ti ìyẹn. N kò ní èyí tí mo máa fún ọ. Padà lọ sọ fún àwọn tó ń pè ọ́ ní olùkọ́."

Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀ṣẹ̀ á tán lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n bi yín. Mwadime bi mí, Mkawasi bi mí, mo sì fi ẹnu ara mi purọ́ fún wọn. Ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni nítorí tèmi. Ẹni tó bá ń gba Voi kọjá nínú yín, kó yà sí Wundanyi, kó jókòó ti ọkùnrin yẹn, kó sọ fún un pé Kinoti ti jẹ́wọ́ níwájú èrò pé òun Kinoti ló lé Mkawasi jáde, kì í ṣe Mwadime. Kó bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dárí ji ara rẹ̀.