Pirínsípà Ti Lọ Sílé Ìwé

Ọ̀rọ̀ obìnrin méjì tó jókòó níwájú mi, níbi tí a ti ń dúró gba oògùn ní ọsibítù Ìgàǹdó, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

"N ò mọ ohun tí mo máa pe ọkọ mi mọ́," ni èyí àgbà wí. "Tí mo bá ní Dádì, wọn kì í dáhùn. Àfi Pirínsípà."

"Ṣebí ẹ ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì, Mọ́mì?" èyí tó kéré béèrè. "Ẹni tó wà nílé ìwé báyìí ni Pirínsípà, jàre."

"Gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo fi ń yangàn nígbà yẹn."

"Ẹ kúkú máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ, ṣá."

"Mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lánàá. Wọ́n wò mí títí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, wọ́n ní, 'Pirínsípà ti lọ sílé ìwé, mà. Ẹ jókòó dè wọ́n.'"

"Mà kẹ̀? Ẹ̀yin ìyàwó wọn?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jókòó."