Kọ́kọ́rọ́ Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọrùn mi kì í ṣe tèmi mọ́. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ohun tó kù kò ju kí gómìnà fọwọ́ sí ìwé lọ. Ó lè fọwọ́ sí i lọ́la, ó sì lè má fọwọ́ sí i títí n ó fi hu ewú nínú yàrá yìí. Àìmọ̀ yẹn ló ń pa mí kí okùn tó dé. Bí wọ́dà bá ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìdì kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń dún, n ó máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ oúnjẹ ló gbé wá, ó sì lè jẹ́ èmi ló wá mú.

Mo ń kọ èyí nítorí irọ́ kan tí mo pa fún ìyá mi. Irọ́ náà ti ba orúkọ baba àgbàlagbà kan jẹ́ ní Ìkéré, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ pè mí kí n tó tún un ṣe.

Iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀ ni ṣíṣètò àpérò àti ayẹyẹ. Bí ẹgbẹ́ olùkọ́ bá fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí ìjọ bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún, láti Ìkéré dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, èmi ni wọ́n máa ń pè. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to àga kí ọ̀nà lè wà láàárín. Mo mọ̀ pé kí àlejò tó dé ló yẹ kí a ti dán makirofóònù wò, kì í ṣe ìgbà tó bá di í mú tó ń sọ pé "halóò, halóò" bí ẹni ń pe ará ọ̀run. Mo mọ ibi tó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà kí ariwo rẹ̀ má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, Fólúkẹ́, la jọ ń ṣe é. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Tíṣà ni, ṣùgbọ́n bí a bá ti ní òde, òun ló máa ń wà lórí pèpéle, èmi á wà níta, a ó sì máa pe ara wa lórí fóònù.

Ẹ mọ bí òde tiwa ṣe ń rí. Ẹni ńlá kì í tètè dé. Bí ó bá tètè dé, àwọn èèyàn á rò pé kò níṣẹ́ ṣe. Kí ó tó dé, wọn á ti pín páàkì oúnjẹ, ẹni tó bá sì ti gba tirẹ̀ á dọ́gbọ́n gbé báàgì, á gba ẹ̀yìn yọ. Nígbà tí ẹni ńlá náà bá fi máa wọlé, àga nìkan ni yóò kù tí yóò máa kí i káàbọ̀. Kò sí ìtìjú tó tó bẹ́ẹ̀ fún olóde. Èmi náà, bí mo bá ti rí ẹni mẹ́ta tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, n ó ti máa wo ẹnu ọ̀nà.

Èmùré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùbánisọ̀rọ̀ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, kò sì tíì dé. Alága wọn, ìyá kan tó fẹ́ràn mi, fà mí sí ẹ̀gbẹ́.

"Ọmọ mi, wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ ulé. Ṣé àga ni kí n fi han àlejò mi?"

Mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àgádágodo kan rọ̀ sára ilẹ̀kùn irin tó wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo tì í, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn tó fẹ́ jáde dé ibẹ̀, wọ́n fà á, wọ́n pòṣé, wọ́n padà lọ jókòó. Nígbà tí olùbánisọ̀rọ̀ wọlé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá alága dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn.

Fólúkẹ́ bi mí nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sílé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

"Èmi ni."

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Èmùré?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo ra àgádágodo tèmi. Láti ìgbà náà, inú báàgì tí mo ń kó makirofóònù sí ni ó máa ń wà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí mo kọ sínú ìwé ìpè. Kí n má pín oúnjẹ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Bí àlejò bá pẹ́, kí n gbé ẹlòmíràn sórí pèpéle, kí n sọ òótọ́ fún èrò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ kì í gbé báàgì. Mo mọ gbogbo èyí, mo tilẹ̀ máa ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àgádágodo yá ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní Ìsẹ̀, níbi àjọ̀dún ìjọ kan, wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pèpéle bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, èéfín díẹ̀ sì yọ. Fólúkẹ́ ló rí i. Ó yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó da omi inú ọ̀rá sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí èrò bí ẹni pé ó wà nínú ètò. Ẹnikẹ́ni kò fura. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì ní gbogbo àkókò yẹn. Dípò kí ẹ̀rù bà mí, inú mi dùn pé a mú un jẹ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ju wáyà yìí nù," ó sọ fún mi nígbà tí à ń kó ẹrù.

"Lẹ́yìn òde Ìkéré," ni mo dá a lóhùn. Mo fi téèpù wé e.

Òde Ìkéré ni àpérò àwọn olùkọ́. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti Adó, àwọn oníkámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e. Bí òde yẹn bá dára, mo mọ̀ pé n kò ní wá iṣẹ́ kiri mọ́. N kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá dúró lágbàlá gbọ̀ngàn náà, ẹ ó máa wo òkè àpáta Olósùnta. Mo wo òkè náà títí bí ẹni pé yóò bá mi mú àlejò yẹn tètè dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé náà ṣe rí. Pèpéle wà ní òpin gbọ̀ngàn. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, inú yàrá yẹn sì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Mo ti so aṣọ funfun àti aṣọ búlúù láti òrùlé délẹ̀ lẹ́yìn pèpéle kí ó lè rẹwà nínú fọ́tò. Wáyà tí mo fi téèpù wé gba abẹ́ aṣọ náà kọjá.

Bàbá Àjàyí ni olùtọ́jú gbọ̀ngàn. Ìjọ kan náà ni òun àti ìyá mi ń lọ. Ó rí mi tí mo ń fi àgádágodo mi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta.

"Ọmọ mi, mọ́ ti ulẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó kọ́ ulé tó ṣe ulẹ̀kùn méjì sí i, ó nídìí."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Tí àlejò bá ti wọlé, n ó ṣí i."

Ó mi orí. Kò lọ, ó dúró tì mí ní igun ilé, níbi tí mo ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà iwájú àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa pọ̀.

Àlejò pẹ́. Wọ́n ti pín páàkì oúnjẹ, èrò ti ń rá bàbà. Bí mo ṣe gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn lójú títì ni fóònù mi dún. Fólúkẹ́ ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wáyà yẹn ti gbiná. Aṣọ ti ń jó. Inú yàrá ẹ̀yìn ni èmi àti olùkọ́ méjì wà, a ò lè gba pèpéle kọjá mọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Da omi sí i, bíi ti Ìsẹ̀."

"Kì í ṣe bíi ti Ìsẹ̀! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Fólúkẹ́, wọ́n ti dé. Fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Mo pa fóònù.

Bàbá Àjàyí ti gbọ́. Fóònù mi máa ń pariwo, kò sì jìnnà sí mi.

"Uná ni mo gbọ́ yẹn? Mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wá!"

Ó di ọwọ́ mi mú. Mo tì í, ó fìdí jókòó sílẹ̀. Baba tó jù mí lọ dáadáa. Mo rìn lọ bá àlejò, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọwọ́ òsì mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mò ń rò. N kò rò pé àbúrò mi yóò kú. Mò ń rò pé bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, èéfín yóò tú síta, kámẹ́rà yóò yí síbẹ̀, àlejò yóò padà sínú ọkọ̀, gbogbo Èkìtì yóò sì máa sọ pé òde mi jóná. Ohun tí èèyàn yóò wí ni mò ń rò. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́.

"Ẹ kú ètò," ni àlejò wí.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo dáhùn. Fóònù ń dún lápò mi. Mo mọ ẹni tó ń pè. Mo tẹ̀ ẹ́ pa.

Lẹ́yìn náà ni èrò tú jáde ní iwájú pẹ̀lú igbe. Mo sáré padà sẹ́yìn. Bàbá Àjàyí ń fi òkúta lu àgádágodo, ó ń sunkún. Láti inú, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Mo ń fi ìkánjú wá ojú àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Mo gbìyànjú, kò wọlé. Nígbà tó fi wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbá ilẹ̀kùn mọ́.

Fólúkẹ́ wà lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, olùkọ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná kò débẹ̀. Èéfín ló pa wọ́n. Fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ju àgádágodo sínú igbó. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé ilẹ̀kùn náà ló há. Bàbá Àjàyí sọ gbogbo ohun tó rí àti ohun tó gbọ́. Ní kóòtù, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, pé ariwo lásán ni mo gbọ́ lórí fóònù, pé baba náà kórìíra mi. Lọ́yà mi ní n kò gbèrò láti pa ẹnikẹ́ni. Adájọ́ ní ẹni tó gbọ́ pé iná wà, tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì, tó sì di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àjàyí ni ó gbà gbọ́.

Ìyá mi nìkan ló gbà mí gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá wò mí níhìn-ín, ó di irin fèrèsé mú.

"Ṣé o gbọ́ ohùn ẹ̀?"

"N kò gbọ́ ọ, Màámi."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ọmọ mi ò lè gbọ́ kó dákẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń pe Bàbá Àjàyí ní ẹlẹ́rìí èké. Nínú ìjọ, bí baba náà bá jókòó sí bẹ́ǹṣì kan, ìyá mi á dìde níbẹ̀. Àwọn mìíràn náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, ó ní baba náà gbé iṣu wá kí òun nílé.

"Mo da uṣu ẹ̀ síta," ló wí. "Kò wá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ báyìí. Ojú ń tì í."

Ó rò pé inú mi yóò dùn. N kò sùn láti ìgbà náà. Ẹni tó fi òkúta lu ilẹ̀kùn kí Fólúkẹ́ lè yè ni Màámi da iṣu rẹ̀ síta.

Màámi, mo gbọ́ ohùn Fólúkẹ́. Gbogbo rẹ̀ yé mi ketekete. Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn, mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ó tún pè, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá Àjàyí kò parọ́ ọ̀rọ̀ kan mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sílé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí àdúgbò lè rí yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá wá wò mí mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ka èyí, n kò ní bi yín léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe, ọrùn mi ti wọ okùn, ẹ má tẹ̀ lé mi. Wáyà tó bá rùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má so aṣọ mọ́ ibi tí iná wà. Kí ẹ tó to àga, ẹ rìn yí ilé ká, kí ẹ fi ọwọ́ yín ṣí gbogbo ilẹ̀kùn wò. Bí èrò bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Àga òfìfo kò pa olóde rí. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn láti inú, ẹ má ro ẹni tó ń bọ̀ níwájú, ẹ má bi í pé kí ló dé. Ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn.