Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ Ló Wà Lẹ́yìn Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti sú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di eegun ẹja sí mi lọ́fun fún ọdún méjì, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́. Ìpè kan tí mo gbà láàárọ̀ àná ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bouaké níbí, ní Côte d'Ivoire, ni mo ń gbé, ní àdúgbò Ahougnansou. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ la jọ wà. Màmá ń ta abọ́ tánganran ní àdúgbò Commerce. Ẹ sì mọ ilé àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago níbí: ẹni tó bá lọ lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé, ni yóò máa ka gbogbo ìwé Faransé fún àwọn àgbà. Ìwé iná, èmi. Ìwé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, èmi. Àfi bíi pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá ojú fún!

Màmá ò sì rọrùn. Ọbẹ̀ mi ò dùn rí. Ilẹ̀ tí mo bá gbá, wọ́n á tún un gbá lójú mi. Ọdún mọ́kànlá gbáko!

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nítorí pé wọ́n ti yọ kókó jẹjẹrẹ lọ́mú wọn rí, dókítà ní ká lọ ya àwòrán eegun ẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IRM. Èsì rẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ká tó rí dókítà. Mo kà á lójú ẹbí. Òkè pátápátá ni mo ti rí i: jẹjẹrẹ tó ràn dé eegun. Nísàlẹ̀, wọ́n ní ibi dúdú wà nínú mùdùnmúdùn eegun. Mi ò ṣí ojú ìwé kejì. Mo ní jẹjẹrẹ ni.

Ẹyin lohùn. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan àwọn mọ́. "Ẹ gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lọ kú sílé bàbá mi." Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, wọ́n ti lọ.

Mo mú èsì náà lọ sọ fún dókítà pé Màmá ti lọ. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Ó ní ohun tó wà lókè ìwé ni ohun tí òun ní kí wọ́n wá, kì í ṣe ohun tí wọ́n rí! Ó ní mùdùnmúdùn a máa yí padà bí èèyàn bá ń dàgbà, ibi tí kò bá tíì yí sì lè dúdú nínú àwòrán bíi jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ya irú àwòrán mìíràn tó ń fi ọ̀rá hàn. Jẹjẹrẹ máa ń lé ọ̀rá kúrò níbi tó bá jókòó sí. Ti Màmá, ọ̀rá wà níbẹ̀ dáadáa. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ká tún un yà, kó lè dájú, àti pé ìrora náà ní ìtọ́jú. Ó kọ ọ́ síwèé fún mi.

Mo délé. Ilé parọ́rọ́. Mo se ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ pé iyọ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: ọjọ́ kan péré ni mo ní n ó fi sinmi. Mo ki ìwé náà sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀, ojú wá ń tì mí. Ta ni yóò tún gbé ìwé fún mi kà?

Màmá ńkọ́? Ẹ gbà mí, wọn ò kú! Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń pè: "Ìyá Sádíátù, tún ìwé yẹn wò, oṣù mélòó ni wọ́n dá fún mi?" Aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin wọ́n wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọn ò jáde, wọ́n kàn dùbúlẹ̀ de ikú. Inú ń bí mi sí wọn. Inú ń bí mi sí ọkọ mi tí kò béèrè ìwé rí. Irọ́ ni, ara mi ni inú ń bí mi sí.

Láàárọ̀ àná, ohùn wọn rọ̀. "Ìyá Sádíátù, mo fojú rẹ rí màbo nílé ọmọ mi. Mi ò fẹ́ gbé e lọ bá Ọlọ́run. Forí jì mí." Mo ní mi ò gbọ́ wọn dáadáa, mo pa fóònù.

Ìwé náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń jẹ ọbẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n ó ṣe gbé e síwájú rẹ̀? Kí ni n ó sì wí fún Màmá? Wọ́n ṣì ń dúró kí èmi forí jì wọ́n.