Ohun Tí Mo Sọ Nípa Tẹ̀sùbáà Ṣẹ̀fíátù

Mo ti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ìjẹ́wọ́ yẹn gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní báyìí tí dókítà ti sọ fún mi pé ohun tó wà lọ́nà ọ̀fun mi kò ní jẹ́ kí n rí ọdún tó ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ tún jẹ́wọ́, bó ṣe rí gan-an, kí ohùn mi tó lọ pátápátá. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má ṣe káàánú mi nítorí àìsàn. Àìsàn ò bá mi níbi tí mo ti ń ṣe rere.

Kòfowórọlá ni orúkọ mi. Mo ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì níbí ní Ìwó kí n tó fẹ̀yìn tì. Nehemiah ọkọ mi kú ní ọdún kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Ẹyinjúolúwa, tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. N ò sọ èyí láti fi wá àwáwí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ bí ẹni tó ń jókòó níwájú mi nídìí tábìlì káàdì ṣe di ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi láyé. Ṣẹ̀fíátù ni ẹni náà. Ọmọ ilé alfa ni, láti àwọn agbo ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kan náà la jọ lọ. Ó ń bá wa kọ orin ìjọ, ohùn rẹ̀ a sì máa dùn ju tèmi lọ. Nígbà ààwẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a tọ́jú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú àpótí mi títí oòrùn á fi wọ̀. Òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ló fi bíríìjì hàn wá, lọ́sẹ̀ kan tí òjò ò jẹ́ ká jáde. Eré káàdì ni fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì, ìwọ àti ẹnìkejì rẹ ẹ ó kọjú síra. Káàdì mẹ́tàlá ló ń wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, o ò sì gbọdọ̀ rí ti ẹnìkejì rẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa pe iye ìgbà tí ẹ rò pé ẹ máa jẹ nínú ìgbà mẹ́tàlá, láti orí ẹnì kan sí èkejì, inú ìpè yẹn nìkan sì lẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara yín. O ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i, o ò gbọdọ̀ wúkọ́ lásán. A ò fi kọ́bọ̀ ta á rí. Ìdí nìyẹn tí Alfa Badrudeen, ọkọ Ṣẹ̀fíátù, fi gbà fún un, tí pásítọ̀ tèmi náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa.

Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi ìdíje àwọn obìnrin, l'Óṣogbo, ní Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn obìnrin olówó, àwọn ìyàwó ọ̀gá, àwọn adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ níbẹ̀. Àwa a dé láti gáréèjì pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á kígbe pé, "Àwọn Ìbejì Ìwó ti dé o! Ẹ lọ gbé ẹ̀wà kaná!" Ṣẹ̀fíátù á dá a lóhùn pé, "Ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa, torí ìyà tí ẹ máa jẹ lónìí, ẹ ò ní ní eyín tí ẹ máa fi rún nǹkan mọ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í ṣẹ̀fẹ̀. Jíjókòó níwájú rẹ̀ ti tó mi. Fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, n kò ní í rántí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ mi kú sí.

Ṣẹ̀fíátù kì í fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìpè kò bá tíì kàn án, á da káàdì rẹ̀ délẹ̀, á máa fi ọwọ́ òsì ka tẹ̀sùbáà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ètè rẹ̀ á máa mì díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí rí. Bí mo ṣe ń wò ó lójoojúmọ́ ni mo ṣàkíyèsí ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá lágbára, ìka rẹ̀ á dúró lórí èso tẹ̀sùbáà kan, á máa fi àtàǹpàkò ra á. Bí kò bá sí ohun gidi lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èso náà á máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ó yẹ kí n ní, "Ṣẹ̀fí, gbé tẹ̀sùbáà yẹn sápò bí a bá ń ta á." Gbólóhùn kan péré ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rẹ̀ pinnu ìpè tèmi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọn ò kọ sí i. A ń borí. Ó rò pé ọpọlọ mi ló mú sí i. Ó máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Ẹ má wo Kòfó bó ṣe ń dákẹ́ yìí o. Ó ń rí inú mi." Olè ni mí láti ìgbà náà, ohun tí mo sì ń jí ni ohun tí ó ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí a lọ sí ìdíje kan ní Ìbàdàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wùmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó sì mọ káàdì ta dáadáa, wá kúnlẹ̀ kí mi lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń bu tíì. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá Ṣẹ̀fíátù. Ẹgbẹ́ bíríìjì ní kí èmi àti Màmá jọ lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Wọn ò tíì fún mi lésì." N ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún un?" Ó ní, "Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì, Mà." Ọ̀sẹ̀ méjì! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, a ti jọ bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀, a ti jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí aláìsàn l'Ólúpọ̀nnà, kò sì sọ ọ́. Mo rí i lójú mi bí wọ́n á ṣe gbé ọmọdé yìí jókòó sórí àga mi. Mo rí ilé mi, àti èmi nìkan nínú rẹ̀. N ò bi Ṣẹ̀fíátù léèrè. Ká ní mo bi í ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo pe ìpè kan tí kò bójú mu. Ṣẹ̀fíátù ti fi ìpè tirẹ̀ sọ fún gbogbo wa pé òun kò ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ dúró gbọn-in lórí èso. Mo gbé ìpè fò sókè, mo ní a ó jẹ méjìlá nínú mẹ́tàlá. A sì jẹ ẹ́. Títí di òní, n ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí wọ́n lè mú wa. Àwọn tí a jọ ń ta á na ọwọ́ sókè, wọ́n pe adájọ́ eré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú èmi nìkan wọ yàrá kékeré kan lọ bá alága ẹgbẹ́, Ìyáàfin Adùnọlá, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti ṣe ọ̀gá nọ́ọ̀sì rí. Ó ní, "Ẹ jókòó, Mà. Kí lẹ rí tí ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀?" Mo jókòó. Ó ní, "Ẹnì kan sọ pé tẹ̀sùbáà ọwọ́ ẹnìkejì yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ òótọ́, tíṣà ni yín." Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Òótọ́ náà ni pé, èmi ni mò ń jí i wò, òun kò mọ nǹkan kan. Ohun tó jáde ni pé, "Òun ló kọ́ mi." Mo bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni, nítorí ara mi ni mo sì ṣe ń sun ún. Mo ní ọdún mẹ́rin ni a ti ń ṣe é, pé ọkàn mi ò balẹ̀, pé mo ti ronú pìwà dà. Ìyáàfin Adùnọlá fún mi ní áńkáṣíìfù. Ó wá mú ìwé kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Obìnrin yìí kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ò ní lọ sókè òkun àfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa jókòó níwájú òun."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. Mo ka ìwé náà. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ láti kíláàsì kejì. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, n ò tíì bu ọwọ́ lu nǹkan kan, mo lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo ṣẹ́ ìwé náà po sí mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo dá a padà fún un, mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà."

Wọ́n ní kí n lọ sinmi fún ọdún kan, nítorí pé mo jẹ́wọ́. Ìyáàfin Adùnọlá tiẹ̀ gbá mi mọ́ra. Wọ́n lé Ṣẹ̀fíátù títí láé, wọ́n sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ohun tó ń sọ kò ju, "Tẹ̀sùbáà? Tẹ̀sùbáà tèmi?" Wọ́n ní, "Ẹnìkejì yín ti jẹ́wọ́." Ó yíjú wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wá ohun tó sọnù lójú ẹlòmíràn. A jọ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìwó. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi gbé báàgì mi sórí ọ̀kadà kí ó tó wá tirẹ̀.

Ìròyìn dé ìlú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣẹ̀fíátù ní ilé kéwú fún àwọn ọmọbìnrin, ọmọ méjìlélógójì ló wà níbẹ̀. Àwọn òbí ní, ẹni tó ń fi tẹ̀sùbáà rẹ́ni jẹ, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn? Nígbà tí ọdún yípo, ọmọ mẹ́ta ló kù, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìbátan rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa fi í kọrin bí ó bá ń kọjá. Alfa Badrudeen bá mi níwájú ilé mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyáàfin, ìyàwó mi búra fún mi pé òun ò ṣe é. Ó tún ní ẹ̀yin kì í purọ́. Èwo ni kí n gbà?" Mo ní, "Alfa, ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo lo orúkọ Ọlọ́run fún èyí.

Ibi tí ó burú jù kò tíì dé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Ṣẹ̀fíátù dùbúlẹ̀, apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kareemah ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ká aṣọ, Ṣẹ̀fíátù pè mí sún mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Kòfó, ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Ìwọ kì í purọ́. Ṣé ìka mi ló ń sọ̀rọ̀ tí èmi ò sì mọ̀? Sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá tọrọ àforíjì fún." Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gba èmi gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn, kò sí ìdíje mọ́, kò sí Wùmí, kò sí ohun tí mo lè pàdánù àfi ojú rere rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Nítorí ojú rere yẹn ni mo ṣe sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ṣẹ̀fí. Ìka rẹ ni. Ṣùgbọ́n o ò mọ̀ọ́mọ̀." Ó di ojú. Ó ní, "Astaghfirullah." Ó wá sọ fún Kareemah pé kó gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ òun, pé ọwọ́ òun ti bà á jẹ́. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ọjọ́ kẹrin ló kú, láìka tẹ̀sùbáà mọ́.

Láti ìgbà náà ni Kareemah ti ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ní kó má fi mí sílẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ bíríìjì pé kí wọ́n dá orúkọ Ṣẹ̀fíátù padà. Wọ́n fèsì pé alága ìgbà náà ti kú, pé àwọn ò rí ìwé ẹjọ́ kankan tó jọ ohun tí mo sọ, pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́, kí n tọ́jú ara mi. Kò sẹ́ni tó kù tí màá jẹ́wọ́ fún níbẹ̀. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kareemah. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé Ìyá mi mọ̀ kí wọ́n tó lọ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ wà lórí ìjókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn nígbà tí mò ń bẹ̀ wọ́n." Mo ní mo wà níbẹ̀. Ó da ẹ̀kọ náà sínú kọ́ọ̀bù, ó fi síbí sí i, ó fi àwo bò ó. Màmá ló ń pè mí láti kékeré. Ó ní, "Ẹ tètè mu ún kó má baà dì, Tíṣà." Kò tíì padà wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá gbá yín mọ́ra nítorí ohun tí ẹ jẹ́wọ́, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó sanwó rẹ̀. N ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ni mo ṣẹ̀, ẹni kejì kò sì lè gbọ́ mi mọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kó ọmọ yín kúrò nílé kéwú Ṣẹ̀fíátù, kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọkọ, àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó sínú yàrá ilé kéwú náà báyìí.