Amọ̀ Ojú Nolufefe

Ẹ sọ ọ̀bẹ yẹn kalẹ̀! Ẹ má tíì pa ewúrẹ́ tí ẹ fẹ́ fi gba ìyàwó tuntun wọlé. Mzoxolo, àbúrò mi, bínú bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo gbé mì kò gbé inú mi mọ́. Lónìí ni màá pọ̀ ọ́ síwájú gbogbo yín.

Ẹ rántí Nolufefe, ìyàwó àkọ́fẹ́ Mzoxolo tí ẹ lé. Èmi ni mo máa ń po amọ̀ pupa tó fi ń bo ojú nítorí oòrùn, bí gbogbo ìyàwó ilé wa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń lọ oko àgbàdo. Amọ̀ lásán kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ra ìpara abóra ní Durban, mo pò ó mọ́ ọn, mi ò sì sọ fún un. Kí ni mò ń wá? Ìyìn! Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dán lóòótọ́. Bí àwọn obìnrin bá bi í, á ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ Sìsí mi ni o," èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi ọ̀dájú á máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà ìroko dé, òógùn ń fọ amọ̀ dànù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wá dú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Sìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pò kó le dáadáa." Mo sì fi ìpara kún un! Nígbà tí ẹ̀rù bà mí, mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo díbọ́n pé èmi ni mò ń lò ó. Ó bú mi: "Ṣé orí yín pé, Mama? Ìpara yẹn ti bó ààbò ara, oòrùn wá ń jẹ awọ láti inú, bí irin ṣe ń dípẹtà. Dúdú yẹn ni awọ fi ń gbèjà ara rẹ̀."

Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ̀yin ò dákẹ́ ní tiyín. Ẹ ní abẹ́rẹ́ tí obìnrin fi ń dènà oyún ló ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dú, òun ni kò jẹ́ kó bímọ. Nolufefe kúnlẹ̀ síbí: "Sìsí, ẹ bá mi sọ fún wọn, mi ò gún abẹ́rẹ́ kankan rí." Bàbá àgbà yíjú sí mi: "Ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ jọ ń rìn. Ṣé o rí i níbi tó ti ń gbà á?" Mo ní mo rí i. Ẹnu mi yìí! Nolufefe wò mí, kò tilẹ̀ sunkún. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ yìí, Mama wa mú ìyàwó tuntun wá kí n fi amọ̀ kun ojú rẹ̀. Ó dijú, ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Sìsí." Mo gbé amọ̀ náà sílẹ̀, mo sáré jáde wá bá yín.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ẹ ò mọ̀ kun ojú yín, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Àforíjì? Mi ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nílé bàbá rẹ̀ ní Gcuwa. Kó lé mi síta níṣojú gbogbo ayé bó bá wù ú. Mzoxolo, kí lo ń wò? Tú ewúrẹ́ yẹn fún mi, kí n fà á lọ bá Nolufefe, kí n fi bẹ̀ ẹ́.