Bàbá Ọkọ Mi Gba Àga Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí n kò mọ ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá ọkọ mi ti gba àga mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, kí n tó po ògì tán, wọ́n ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, wọ́n ti gbé awò sójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n á gbé ọwọ́ sókè pé kí n ní sùúrù, àwọn ń dá kọ̀ǹpútà lóhùn lọ́wọ́! Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí? Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, tí gbogbo ènìyàn ń sáré wá iṣẹ́ ìjọba kiri Adó, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo wà ní Ìkẹ́rẹ́. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló fún mi ní dísìkì tí èdè kan tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Tcl ni wọ́n ń pè é, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Tk, tó ń gbé fèrèsé àti bọ́tìnnì yọ sójú kọ̀ǹpútà. Áà, mo fẹ́ràn rẹ̀! Màá kọ ìlà díẹ̀, bọ́tìnnì á yọ. Màá yí ọ̀rọ̀ kan padà, màá tún un ṣí, àyípadà ti dé nìyẹn. Ohun tí mo bá sì kọ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, á ṣí lórí èyí tó ń lo Linux, tí ètò rẹ̀ yàtọ̀, láìjẹ́ pé mo tún un kọ. Àsìkò yẹn náà ni èmi àti Fẹ́mi, tíṣà ọmọ Ìṣẹ́, ń fẹ́ra wa. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì fẹ́ mi rárá. Wọ́n ní obìnrin tó ń tẹjú mọ́ gíláàsì látàárọ̀ dalẹ́ kò ní ráyè ọkọ. Fẹ́mi sì ti sọ ọ́ lójú mi pé òun kò lè gbé ìyàwó tí bàbá òun kò súre fún. Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà!

Bàbá ti dá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, Windows tí Fẹ́mi rà, àti Linux tí àwọn ará ìjọ wọn fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé, "Bó bá jẹ́ uṣẹ́ gidi lò ń ṣe, ṣe èyí tí àwọn ọmọ á fi kọ́ ìṣirò wá, kó sì ṣí lórí méjèèjì." Inú mi dùn gan-an. Mo ṣe bọ́tìnnì nọ́ńbà, mo fi àwọ̀ sí i. Mo wá rò ó pé ọmọ tó bá wọ kíláàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí tíṣà, nítorí náà mo fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí fèrèsé àkọ́kọ́, "Ẹ káàárọ̀." Bí èèyàn kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí yóò ṣí. Àwọn ọmọdé ni mo ń rò, n kò rò ó pé àgbà ni yóò kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìṣẹ́, dísìkì wà nínú báàgì mi. Ó ṣí lórí Windows, ó ṣí lórí Linux. Ojú bọ́tìnnì wọn yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pé. Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá jókòó, wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n yáa gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

"Ta ni kó kí ta? Èmi ni n óò kọ́kọ́ kí i? Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ ulé-ùwé mi!"

Fẹ́mi ní, "Bàbá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́."

"N kò tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ti ń dìde. Ìgbéyàwó mi ń lọ lójú mi! Mo sáré kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, mo yí ìlà yẹn padà. Nígbà tí mo tún un ṣí, kọ̀ǹpútà ló kí wọn: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bọ́tìnnì tó wà fún wọn láti tẹ̀ ni "A dúpẹ́." Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe é sórí ìkejì, òun náà kí wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Fẹ́mi, ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ulé." Bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ nìyẹn o!

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni Ìyá Fẹ́mi kú, a sì mú Bàbá wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n bá ẹ̀dà ìkíni yẹn lórí kọ̀ǹpútà mi, wọn kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà mi ń dúró, iṣẹ́ ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ ti ṣí ohun tí mo kọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n pa ìkíni náà rẹ́, ìlà kan péré ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi: "Ìyá Fẹ́mi nìkan ló ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa." Omi bọ́ lójú mi, mo tì í láìpa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè gba àga mi láìṣe àfojúdi? Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí n pa ìkíni yẹn rẹ́ o. Lánàá ni wọ́n ní ṣé kọ̀ǹpútà kò lè máa pe àwọn ní Bàbá Fẹ́mi, bí Ìyá ṣe máa ń pè wọ́n. Mo ti ṣe é.